Pobẹ̀ tàbí Sakẹ́tẹ́: Ìlú Wo Ló Yẹ Ìdílé Tó Fẹ́ràn Ìta?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlú pẹ̀lú, ó yẹ kí ènìyàn wò ó dáadáa kí ó tó kó ẹrù wọ inú rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń gbé Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ ni ó ń rò ó pé àwọn yóò fi ìlú ńlá sílẹ̀. Owó ilé ń ga sí i, yàrá sì kéré. Èéfín alùpùpù kò jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa. Ọmọdé tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ojú títì ni yóò ti gbá a, láàárín ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ èrò.

Ọ̀rọ̀ náà ká ìdílé tó fẹ́ràn ìta gbangba lára ju àwọn yòókù lọ. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ fẹ́ máa rí igi lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ ní oko tí wọn yóò máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé iṣu, kí ó mọ ohùn ẹyẹ, kí ó sì lè rin ìrìn wákàtí kan láìsunkún.

Ìfẹ́ yìí ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe eré tàbí iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná. Ní ilẹ̀ Taiwan, láti ọdún 2010 ni ìjọba ti ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa mú àwọn ọmọ jáde sí ìta fún ìṣẹ́jú 120 lójúmọ́. Ohun tó fà á ni pé ojú ọmọ tó ń pẹ́ jù nínú ilé kì í tètè rí ohun tó wà lókèèrè mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń ṣe ojú ọmọ lóore.

Ní ẹkùn Plateau, ìlú méjì wà tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè yẹ̀ wò: Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́. Àwọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá yan èyí tí kò bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu lè náwó, kí ó náwó, kí ó sì tún padà sí ibi tó ti wá.

Ibi tí ìlú méjèèjì wà

Ní oṣù kìíní ọdún 1999 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pín ẹkùn mẹ́fà tó wà tẹ́lẹ̀ sí méjìlá. Láti ara ẹkùn Wẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹkùn Plateau. Kọmúnù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: Pobẹ̀, Sakẹ́tẹ́, Kétu, Ìfọ̀nyìn àti Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Pobẹ̀ ni olú ẹkùn náà. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì prefẹ́ wà.

Kọmúnù Pobẹ̀ fẹ̀ tó 400 kìlómítà níbùú lóròó. Àrọ́ńdísímáà márùn-ún ló ní: Pobẹ̀, Ahoyéyé, Ìgànná, Ìsàbà àti Towé. Kọmúnù Sakẹ́tẹ́ fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, nítorí ó tó 432 kìlómítà níbùú lóròó. Àrọ́ńdísímáà mẹ́fà ni tirẹ̀: Sakẹ́tẹ́ Kìíní, Sakẹ́tẹ́ Kejì, Àgídí, Ìta-Jẹ̀bú, Takọ̀n àti Yoko. Kọmúnù méjèèjì bá ilẹ̀ Nàìjíríà pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn.

Ẹni tó bá gbéra láti Àjàṣẹ́, tó kọjú sí àríwá, Sakẹ́tẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé. Nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Bí ó bá tún ń lọ, nǹkan bí 30 kìlómítà mìíràn ni yóò rìn kí ó tó dé Pobẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Faransé la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀, kí wọ́n lè máa kó epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ lọ sí etí òkun. Pobẹ̀ ni irin náà parí sí. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn mọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀pẹ ti sọ àwọn ìlú wọ̀nyí di olókìkí.

Èdè kò ní jẹ́ ìṣòro fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Yorùbá àwọn Nàgó àti ti àwọn Ọ̀họ̀rí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ jù lọ. Wọ́n tún ń sọ Gùn àti Tọ̀rì ní àwọn abúlé kan.

Ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú

Ẹni tó fẹ́ràn ìta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí yóò máa tẹ̀. Oríṣi ilẹ̀ méjì ló ṣe pàtàkì ní agbègbè yìí.

Èkínní ni ilẹ̀ pupa. Òun ló wà ní Sakẹ́tẹ́ àti ní ìlú Pobẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ yìí ga, omi òjò sì ń tètè wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní àárọ̀, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbàdo, ẹ̀gẹ́, tòmátì àti ọ̀pẹ ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé omi jìnnà ní ìsàlẹ̀. Kànga gbọ́dọ̀ jìn gan-an kí ó tó kan omi. Àléébù kejì ni pé àwọn ènìyàn ti ń ro ilẹ̀ náà tipẹ́. Níbi tí wọn kò bá ti jẹ́ kí ó sinmi, kì í so èso púpọ̀ mọ́, àfi bí a bá fi ìgbẹ́ ẹran tàbí ewé jíjẹrà tún un ṣe.

Èkejì ni ilẹ̀ dúdú. Ó wà ní àríwá Pobẹ̀, ní apá Ìsàbà, lójú ọ̀nà Kétu. Ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí nìyẹn. Ó jẹ́ apá kan nínú àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Lama. Orúkọ yìí ti èdè Pọtogí wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹrẹ̀. Orúkọ náà bá a mu. Ní ìgbà òjò, ilẹ̀ dúdú a máa fa omi mọ́ra, a wú, a sì lẹ̀ mọ́ bàtà bí àmọ̀ ìkòkò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sán kànnàkànnà tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Láyé àtijọ́, òjò a máa gé àwọn abúlé Ọ̀họ̀rí kúrò lára àwọn ìlú yòókù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí wọ́n kọ̀ láti tẹrí ba fún àwọn Faransé, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó gbà wọ́n.

Ilẹ̀ dúdú lọ́ràá. Ìgbàdo àti ata máa ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ilẹ̀ tó ń wú tó sì ń sán lè mú kí ògiri là. Ó yẹ kí onítọ̀hún bi bíríkìlà tó ti kọ́lé ní àdúgbò náà léèrè nípa ìpìlẹ̀, kí ó tó ra bíríkì kan ṣoṣo.

Òjò méjì ló ń rọ̀ lọ́dún ní ẹkùn Plateau. Òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó sì ń lọ títí di oṣù keje. Òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ máa ń dé. Ẹni tó bá wá wo Pobẹ̀ ní oṣù kìíní nìkan, ìdajì ìlú náà ló rí.

Igbó àti ọ̀pẹ

Ohun kan wà ní Pobẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ mọ́ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Ohun náà ni igbó kìjikìji. Ní ọdún 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Ibùdó náà wà títí di òní, lábẹ́ INRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Lórí ilẹ̀ ibùdó yìí ni wọ́n ti dá igbó kan sí. Ó lé ní 100 hẹ́kítà. Àwọn igi gíga bí arère wà níbẹ̀, tí orí wọn pàdé lókè tí oòrùn kò fi lè ráyè dé ilẹ̀. Nígbà tí oko àti ilé ti jẹ ọ̀pọ̀ igbó àtijọ́ tán ní gúúsù, èyí ṣì dúró.

Igbó yìí kì í ṣe ibi ìnajú. Igbó ìwádìí ni. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alákòóso ibùdó náà. Kò gbọ́dọ̀ gé igi, kò gbọ́dọ̀ dẹ pàkúté, kò sì gbọ́dọ̀ ṣáná. Ṣùgbọ́n wíwà tí igbó wà nítòsí ń ṣe ìlú lóore. Ọmọ tó ń dàgbà ní Pobẹ̀ lè rí ohun tí ilẹ̀ baba rẹ̀ jọ kí ọ̀pẹ àti ìgbàdo tó gba ibẹ̀.

Ibùdó náà tún ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀pẹ kan wà tí èèpo ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ nípọn. Òmíràn wà tí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle rárá. Bí àwọn onímọ̀ bá mú méjèèjì gùn ara wọn, wọ́n a bí ọ̀pẹ tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran ara èso rẹ̀ sì pọ̀. Epo tó ń jáde lára rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pẹ ìbílẹ̀ lọ. Irúgbìn bẹ́ẹ̀ ni Pobẹ̀ ń pèsè. Ìdílé tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀, tó sì gbin ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin.

Sakẹ́tẹ́ kò ní igbó tó tó ti Pobẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣaláìní ẹwà tirẹ̀. Ọ̀pẹ ló yí ìlú náà ká. Ọ̀nà oko ṣe tààrà láti ẹ̀yìnkùlé lọ sí àwọn abúlé Takọ̀n, Yoko àti Àgídí. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì dára fún ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sakẹ́tẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń tọ́jú èrè oko kí ó má bàjẹ́, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ohun títà. Ọmọ tó fẹ́ràn oko lè dàgbà di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láìkúrò nílé bàbá rẹ̀.

Omi tí kò ṣàn

Ìta dùn, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níta pẹ̀lú. Ọ̀kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kó lọ sí ẹkùn Plateau gbọ́dọ̀ mọ̀. Àìsàn náà ni egbò Buruli. Orúkọ agbègbè kan ní orílẹ̀-èdè Uganda ni wọ́n fi pè é. Kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Ìtòsí omi adágún, àbàtà àti odò tí kò ṣàn kíákíá ni ó ti wọ́pọ̀. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀nà tó ń gbà wọ ara. Ohun tó dájú ni pé ènìyàn kì í sábà kó o láti ara ènìyàn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí ìdajì àwọn tó ń ní in ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Ẹ̀tàn àìsàn náà ni pé kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ kókó kékeré lábẹ́ awọ. Ó lè jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tó wú. Nítorí pé kò dunni, àwọn òbí a máa sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n a fi ewé sí i, wọ́n a dúró. Nígbà tí awọ bá là, egbò náà ti jẹ inú lọ jìnnà. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù, oríkèé lè ká kò, kí ọmọ má lè na apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Bí a bá tètè rí i, oògùn ń wò ó. Oògùn apakòkòrò méjì ni wọ́n ń lò pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Pobẹ̀ gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tó ń tọ́jú egbò Buruli ní Bẹ̀nẹ̀ wà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Raoul Follereau. Àwọn aláìsàn ń ti ẹkùn mìíràn wá síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé Pobẹ̀ sún mọ́ ìtọ́jú yìí ju ẹni tó ń gbé Sakẹ́tẹ́ lọ. Ní ti àìsàn gbogbo, ilé ìwòsàn ńlá wà ní ìlú méjèèjì.

Ìdáàbòbò rọrùn, kò sì gba owó púpọ̀:

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa wẹ̀ nínú adágún tàbí àbàtà. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga jíjìn ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ń lọ sí oko tó wà létí omi, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti aṣọ alápá gígùn. Ẹ wọ bàtà òjò.

Bí ọmọ bá fara bó, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ bò ó.

Ẹ máa yẹ ara ọmọ wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó tàbí wíwú tí kò dùn ún, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibà náà ń bẹ ní ìlú méjèèjì. Àwọ̀n apẹ̀fọn ṣe pàtàkì fún gbogbo ibùsùn. Láti ọdún 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ sì ti ń fún àwọn ọmọ kékeré ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Ní ti ejò, bí ó bá bu ènìyàn jẹ ní oko, ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má sì fi ẹnu fà á. Ẹ mú kí ẹni náà fara balẹ̀, kí ó má rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Àṣà àwọn onílé

Àlejò tó bá wọ ìlú gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ìta ṣí sílẹ̀ àti ìgbà tí kò ṣí. Ní Sakẹ́tẹ́, ní Pobẹ̀ àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, Orò ṣì ń jáde. Bí Orò bá wà níta, obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde. Ìdílé tí ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ràn láti máa rìn ní ìrọ̀lẹ́, gbọ́dọ̀ ka èyí kún. Kí wọ́n tó gba ilé, ó yẹ kí wọ́n bi olórí àdúgbò léèrè: oṣù wo ni ọdún Orò máa ń bọ́ sí? Ọjọ́ mélòó ni ó ń gbà? Ṣé òru nìkan ni, àbí ọ̀sán náà wà nínú rẹ̀? Adúgbò kan kò rí bí èkejì. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.

Igbó orò àti igbó àwọn òrìṣà mìíràn tún wà. Lójú àlejò, wọ́n lè jọ igbó lásán tí ọmọ lè sáré wọ̀. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ ààlà wọn, kí wọ́n sì fi han àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn igbó wọ̀nyí ti ran ìlú lọ́wọ́. Níbi tí a kò ti bọ̀wọ̀ fún igbó, àáké ti wọ inú rẹ̀. Níbi tí a ti bọ̀wọ̀ fún un, igi àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Àṣà náà ní ayọ̀ tí ó ń fún ìdílé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ eré ìta tí tọmọdé tàgbà ń wò. Wọ́n ń ṣe é láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Efẹ̀ ń kọrin lóru, ó ń gba ìlú nímọ̀ràn, ó sì ń fi àwọn oníwà burúkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ọmọ tó bá jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ará ìlú, tó ń wo agbá tí eléré gbé sórí, kò nílò tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ àti ọ̀nà

Igi kì í sanwó ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ìdílé gbọ́dọ̀ ṣírò iṣẹ́ wọn. Ẹ wo ìdílé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bàbá jẹ́ bíríkìlà. Ìyá ń ta aṣọ ní ọjà Wàńdó, ní Àjàṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Bàbá fẹ́ Pobẹ̀ nítorí igbó àti nítorí pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ lè wà ní olú ẹkùn. Ìyá ń wo ọ̀nà. Ó lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé: «Bàbá àwọn ọmọ, igbó dára o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jí mi ní aago mẹ́rin òru kí n lè bá ọjà?»

Ìṣirò yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti Sakẹ́tẹ́ sí Àjàṣẹ́, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 60 kìlómítà. Bí ìyá bá ń lọ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó di 300 kìlómítà. Láti Pobẹ̀, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 120 kìlómítà. Ọjọ́ márùn-ún di 600 kìlómítà. Owó ọkọ̀ yóò pọ̀ sí i. Àkókò tó yẹ kí ìyá fi bá àwọn ọmọ rẹ̀ rìn lábẹ́ igi, inú ọkọ̀ ni yóò ti lò ó. Bí ìdílé bá kó lọ sí ibi tí ìta wà, tí ìyá kò sì ráyè jáde sí ìta, kí ni èrè rẹ̀?

Ṣùgbọ́n bí ìyá bá gbà láti fi ọjà Wàńdó sílẹ̀, tó sì fẹ́ máa tajà ní ọjà Pobẹ̀ àti ní àwọn ọjà abúlé, ìṣirò náà yí padà. Bí bàbá bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì ẹkùn, tàbí tí ó rí iṣẹ́ ní ibùdó ọ̀pẹ tàbí ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ntì Onígbólò tó wà ní apá Ìsàbà, Pobẹ̀ ni yóò sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú wà ní àrọ́wọ́tó wọn níbẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ara lé òwò ẹnu ibodè gbọ́dọ̀ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019. Nígbà náà ni Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Ó lé ní ọdún kan tí ọjà kò fi lè kọjá bó ṣe yẹ. Ìdílé tó ní oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ní ohun tí yóò dì mú. Ẹni tí kò ní ju òwò ibodè lọ rí ìyà. Kò yẹ kí àlejò tuntun gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ sí ẹnu ibodè.

Ìwé ilẹ̀ ṣáájú ìpìlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi ìwé ilẹ̀ pàdánù owó wọn. Wọ́n rí ilẹ̀ tó dára, tí igi wà nínú rẹ̀, wọ́n sanwó fún ẹnì kan nínú ẹbí, ẹlòmíràn sì jáde lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ sí i. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni òfin ilẹ̀ tuntun jáde ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2017. Ìwé tó fìdí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ múlẹ̀ pátápátá ni èyí tí wọ́n ń pè ní «titre foncier». Ìwé títà-ríra lásán tí a kọ láàárín ara ẹni kò tó. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ANDF.

Ẹni tó mọ̀wé kà ní agbára níbí. Kí ó gba ẹ̀dà ìwé tí olùtà mú wá, kí ó kà á fúnra rẹ̀ tàbí kí ó mú ọmọ rẹ̀ kà á fún un ní Faransé. Kí ó wo orúkọ tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ náà àti orúkọ abúlé. Kí ó mú un lọ sí mẹ́rì àti sí ọ̀dọ̀ àwọn ANDF, kí ó béèrè bóyá ilẹ̀ náà wà nínú ẹjọ́. Kí ó bi olórí abúlé àti àwọn aládùúgbò. Kí ó má ṣe sanwó ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ilẹ̀.

Kí ẹ tó kó ẹrù

Ìdílé tó bá fẹ́ yan dáadáa lè gba ọ̀nà yìí. Kí wọ́n lọ sí ìlú méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹfà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Kí wọ́n mú àwọn ọmọ dání. Kí wọ́n rin ọ̀nà láti ilé tí wọ́n fẹ́ gbà dé ilé ẹ̀kọ́, dé ibi omi, dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì ka ìṣẹ́jú tó gbà wọ́n. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gba yàrá fún ọdún kan kí wọ́n tó ra ilẹ̀. Ọdún kan yóò fi òjò méjèèjì, ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ àti àwọn ọdún ìbílẹ̀ hàn wọ́n.

Bí wọ́n bá kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ìdáhùn kì í pẹ́ hàn. Ìdílé tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu yóò rí i pé Sakẹ́tẹ́ ló fún wọn ní àyè láti jáde, nítorí ọ̀nà rẹ̀ kúrú, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ọ̀pẹ sì yí i ká. Ìdílé tí ó lè mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí ó fẹ́ fi ọkọ́ àti àdá jẹun, yóò rí i pé Pobẹ̀ ní ohun tí Sakẹ́tẹ́ kò ní: igbó ńlá, oríṣi ilẹ̀ méjì, àti ibùdó ìtọ́jú egbò Buruli ní tòsí.

Èyí tí wọ́n bá yàn nínú méjèèjì, kí wọ́n gbin igi mẹ́ta sí àgbàlá ní òjò àkọ́kọ́: máńgòrò kan, ọsàn kan, ọ̀pẹ kan. Kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó máa bomi rin ín. Ọmọ tó bá gbin igi sí ìlú kan kò ní pè é ní ìlú onílùú mọ́.